Ọwọ́ Kejì Lórí Pákó

Pléènì kan wà lórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú pálọ̀ mi. Ọmọdé tó bá wọlé á kọ́kọ́ béèrè bóyá bàtà ni. Mi ò lè bá wọn wí, nítorí ó jọ bàtà lóòótọ́: igi gígùn kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, tí ihò wà láàárín rẹ̀, tí irin pẹlẹbẹ kan sì yọ ẹnu díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé bá yọ ahọ́n sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tí káfíńtà fi ń fá ara igi kí ó lè dán nìyẹn. Àwọn bàbá wa ń pè é ní ìfági. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́, pléènì là ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì máa pè é títí a ó fi parí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀gá mi ló ni ín. Irin inú rẹ̀ ti òkè òkun wá, láyé ọjọ́un, nígbà tí Ọ̀gá ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ọjọ́ tí Ọ̀gá gba fíríìdọ́ọ̀mù, tí wọ́n gbàdúrà fún un pé kó máa lọ dá dúró, ọ̀gá tirẹ̀ gbé pléènì yìí lé e lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ káfíńtà. Nígbà tó yá, ikán jẹ ara igi rẹ̀, Ọ̀gá sì gbẹ́ ara mìíràn fún un láti ara igi àpá, igi pupa líle tí ikán kò fẹ́ràn. Ibi tí ọwọ́ Ọ̀gá máa ń dì mú ti jinlẹ̀ wọnú igi, ó sì ń dán bíi dígí. Bí mo bá gbé ọwọ́ tèmi síbẹ̀, kò bá a mu. Ìka Ọ̀gá gùn ju tèmi lọ.

Ó ti ọwọ́ Ọ̀gá bọ́ sí ọwọ́ Síníọ̀ wa, ọmọ iṣẹ́ tó ṣáájú mi. Nígbà tí Síníọ̀ padà sí ìlú rẹ̀, ó fi sílẹ̀ fún mi. Kò sí ìjà nínú ìyẹn, kò sì sí ìtàn níbẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ti ṣẹlẹ̀ kí pléènì náà tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ fara balẹ̀ bá mi bọ̀.

Ìgbà Sáàpù ni. Ẹni tó bá gbé ní Ọ̀tà nígbà náà kò ní béèrè pé kí ni Sáàpù. Ìjọba ní àwọn ń tún ọrọ̀ ajé ìlú tò. Bí wọ́n ṣe ń tò ó lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ohun gbogbo ń tú mọ́ àwa lọ́wọ́ níbí. Ní ilé iṣẹ́ tí mo ti ń tẹ ẹ̀rọ, ìkòkò àti abọ́ la ń ṣe. Irin pẹlẹbẹ tí a fi ń ṣe wọ́n, òkè òkun ló ti ń wá, nígbà tó yá kò wá mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a dé ibi iṣẹ́, a bá géètì ní títì. Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ yọjú láti inú ihò kékeré tó wà lára géètì, ó ní, "Make una go house first. Dem go call una." A lọ sílé. Mo ń sọ̀rọ̀ yìí, wọn ò tíì pè wá.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun wá bá iṣẹ́ kọ́ńpìnnì dé àdúgbò Ṣàngó ní Ọ̀tà ló kó ẹrù wọn, tí wọ́n padà sílé. Èmi ò lè padà. Mo ti fọ́nnu jù nílé. Gbogbo Iléyá ni mo máa ń wọ bàtà kọ́ńpìnnì lọ, èyí tó ní irin níwájú, kí gbogbo ilé lè gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Báwo ni n ó ṣe wá fi ẹsẹ̀ lásán wọlé? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri, láti Ṣàngó dé Ojú Òrè, láti Ojú Òrè padà sí Joju, mo ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí. Ní Joju ni mo ti rí Ọ̀gá, lábẹ́ páànù kan tó fara ti igi máńgòrò, tó ń fá pákó.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Kò gbójú sókè. "Óò. Àga ni àbí tábìlì?"

"Iṣẹ́ ni mo fẹ́ kọ́, sà."

Ìgbà yìí ló wá wò mí, láti orí dé bàtà, ojú rẹ̀ sì dúró sórí bàtà. "Kí lo ń ṣe tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ni mo ń tẹ̀ ní kọ́ńpìnnì, sà."

"Ẹ̀rọ ọ̀hún dà?"

"Wọ́n ti pa á, sà."

Ó gbé pléènì rẹ̀ sókè, ó fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn mí. "Wò ó dáadáa. Ṣé o rí bọ́tìnì kankan níbẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Kò sí ẹni tó lè pa á fún ọ nìyẹn. Bọ́ bàtà yẹn, Kọ́ńpìnnì."

Orúkọ tí mo jẹ́ nìyẹn títí mo fi kúrò níbẹ̀. Síníọ̀ ló fẹ́ràn orúkọ náà jù. Ọmọ Ìkirè ni Síníọ̀, ẹlẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ tí èèyàn bá wọlé ni wọ́n bí i. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ni, èmi ni mò ń kí i láàárọ̀, ó sì máa ń jẹ́ ẹ bí ọba. Bí oúnjẹ bá dé, á fi ọwọ́ bo ẹnu, á ké bíi fèrè ilé iṣẹ́, á ní, "Kọ́ńpìnnì, wọ́n ti ní ká lọ jẹun o! Ẹ tò sórí ìlà!" Ìlà wo? Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ kì í ṣe bí a ti ń fá igi. Bí a ti ń gbé pléènì kalẹ̀ ni. Bí o bá dáwọ́ dúró, ẹ̀gbẹ́ ni kí o fi lélẹ̀, kí ẹnu irin má bàa kan bẹ́ńṣì. Má sì dá a kọjá. Mùsùlùmí ni Ọ̀gá, kì í fi ìrun rẹ̀ ṣeré, ṣùgbọ́n bí o bá gbé ẹsẹ̀ ré irin rẹ̀ kọjá nílẹ̀, á ní kí o padà, kí o yí po, kí o gba ọ̀nà èèyàn. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń fi gbogbo ara tì í lọ, kì í ṣe apá nìkan, àti bí irin ṣe gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ bí èékánná ọmọ ọwọ́. Èèpo igi tí pléènì Ọ̀gá ń fá jáde fẹ́lẹ́ débi pé bí o bá gbé e sójú, o máa rí ojú ọ̀nà gba inú rẹ̀. Á ká sílẹ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bí irun tí wọ́n ń tú. Òórùn rẹ̀ ṣì ń wá bá mi nígbà mìíràn, bí òjò bá rọ̀ sórí pákó níbì kan.

Pákó gidi ti kúrò lọ́wọ́ wa nígbà náà. Ọgánwó àti ìrókò ti di ohun tí a ń lọ wò ní ìsọ̀ pákó bí ẹni ń lọ kí aláìsàn. Ohun tí a rí lò ni pákó àpótí ẹ̀rọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí àwọn ilé iṣẹ́ bá ra ẹ̀rọ láti òkè òkun, inú àpótí ńlá onípákó ni ẹ̀rọ náà ń bá wá. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ jáde, wọ́n á ju àpótí sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ẹ̀rọ wá dákẹ́ tán, àpótí ló kù tó ń ríṣẹ́. Ìdajì Ṣàngó ló sùn lórí àpótí ẹ̀rọ lọ́dún wọ̀nyẹn, bí wọn ò tilẹ̀ mọ̀. Òyìnbó ti fi ọ̀dà dúdú kọ nǹkan gàdàgbà sára pákó wọ̀nyẹn: òkè rèé, ẹ má jẹ́ kí òjò pa á, ẹ rọra nítorí ẹlẹgẹ́ ni. A máa ń fá a kúrò níwájú, ṣùgbọ́n a kì í fi agbára ṣòfò lórí ibi tí ojú ò ní dé. Tọkọtaya kan wà ní Ojú Òrè tí mo mọ̀ dájú pé "ẹ rọra" ni wọ́n kọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Síníọ̀ ò lè kọjá níwájú ilé wọn kó má rẹ́rìn-ín.

Àbùkù kan ṣoṣo tí pákó yẹn ní ni ìṣó. Àwọn tó kan àpótí náà kò mọ̀ pé a ó tún un lò. Wọ́n da ìṣó bò ó. Orí èyí tó kán á rì sínú igi, ojú ò ní rí i, bí pléènì bá sì pàdé rẹ̀, ẹnu irin á fọ́. Nítorí èyí ni Ọ̀gá fi ṣòfin. Lẹ́yìn tí a bá ti fi hámà fa gbogbo ìṣó tí ojú rí, ẹnì kan á fi àtẹ́lẹwọ́ ra pákó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹnì kejì á wá fi tirẹ̀ rà á láti òpin padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kejì yìí ló ń sọ pé, "Ó mọ́." Bí kò bá tíì sọ ọ́, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé pléènì lé e. Ọ̀gá ní ẹni àkọ́kọ́ máa ń kánjú, ọkàn rẹ̀ ti wà lórí bí igi yóò ṣe dán. Ọwọ́ kejì ni kò ní nǹkan mìíràn láti rò.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé Ọ̀gá ni ẹni àkọ́kọ́, òfin náà ń yí padà láìsí ẹni tó yí i. Ta ni yóò fi ọwọ́ tirẹ̀ yẹ ọwọ́ Ọ̀gá wò? Ó dà bí ìgbà tí bàbá rẹ bá ní òun ti ti ilẹ̀kùn, tí o wá dìde lọ mi ilẹ̀kùn náà wò níṣojú rẹ̀. Nítorí náà, bí ọwọ́ Ọ̀gá bá ti kọjá, Síníọ̀ á kàn na ọwọ́ sókè pákó, kò ní fi kàn án, á tún tẹrí ba díẹ̀, á ní, "Ó mọ́, Ọ̀gá." Bí àwọn tó ti gbòmìnira ṣáájú rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nǹkan kan ò sì ṣẹlẹ̀ rí, torí ọwọ́ Ọ̀gá kì í fo ìṣó.

Ọ̀gá ní ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin. Aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ojú Òrè. Kété lẹ́yìn tí ìyá Ọ̀gá kú ni wọ́n bí i, nítorí náà "Ìyá mi" ni Ọ̀gá ń pè é. Àwa ń pè é ní Àǹtí. Ìyá tó bí Àǹtí ti kú tipẹ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Àǹtí fẹ́ relé ọkọ lẹ́yìn Iléyá. Wẹ́dà tó ń fi iná jó irin pọ̀ ni ọkọ ìyàwó, ní Ìjòkó, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ojú rẹ̀ máa ń pọ́n nítorí iná iṣẹ́ rẹ̀. Síníọ̀ ló mú ìròyìn wá ní àárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ọ̀gá, mo gbọ́ pé ọkọ ìyàwó wa ti ń jó bẹ́ẹ̀dì."

"Bẹ́ẹ̀dì wo?"

"Onírin, Ọ̀gá. Ó ti jó ẹsẹ̀ rẹ̀ tán."

Ọ̀gá dáwọ́ dúró. Ó fi ẹ̀gbẹ́ pléènì lélẹ̀. "Irin? Kí ọmọ mi lọ máa sùn lórí géètì?"

Ẹ̀rín pa wá. Síníọ̀ ní, "Ọ̀gá, ọkọ náà ló sáà ń pèsè bẹ́ẹ̀dì."

"Kó pèsè gbogbo nǹkan tó kù. Bẹ́ẹ̀dì yìí, èmi ni n ó kàn án. Èmi fúnra mi ni n ó fá a láti ìgbèrí dé ìgbẹ̀sẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní bá mi gbé irin lé e."

Ẹ̀rín wa ò tíì tán nígbà tó sọ èyí tó kù. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá igi sọ̀rọ̀. "Lọ́dọọdún ni mò ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé n ó kan bẹ́ẹ̀dì fún un. Iṣẹ́ oníbàárà ni mò ń ṣe. Orí ẹní ló sùn títí ó fi lọ."

Síníọ̀ gan-an padà sídìí pákó rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọkọ ìyàwó pé kó dáwọ́ dúró. Ó ní òun gbọ́. Kò sọ pé òun ti dáwọ́ dúró.

Ọ̀gá wá pákó kiri títí ó fi rí igi pupa kan tó nípọn, tí ẹ̀rọ ńlá kan ti jókòó lé lórí wá sí Ọ̀tà. A fa ìṣó inú rẹ̀ títí apá fi ń ro wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an, Ọ̀gá fi àtẹ́lẹwọ́ ra pákó tí yóò di ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó rà á tán, ó fà sẹ́yìn. Síníọ̀ na ọwọ́ sókè pákó bí ìṣe wa. "Ó mọ́, Ọ̀gá."

Ọ̀gá gbé pléènì lé e, ó tì í lọ. Ó dún ṣíọ̀ọ̀, èèpo igi jáde, ó ká. Ó tún tì í lọ. Nígbà náà ni nǹkan kan dún. Kì í ṣe ariwo ńlá. Ó dà bí ìgbà tí eyín bá pàdé òkúta nínú ìrẹsì. Ọ̀gá ò mira. Ó rọra yí pléènì dé ojú, ó wò ó. Ibi kan ti fọ́ kúrò lẹ́nu irin, ó tó ẹyọ ọkà bàbà. Orí ìṣó kan tó ti kán sì ń dán nínú igi.

Síníọ̀ ti wà nílẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Ẹ má bínú, sà."

"Dìde. Ṣé ọwọ́ rẹ kan pákó yìí?"

"Ọ̀gá, ọwọ́ yín ti kọjá níbẹ̀."

"Ohun tí mo béèrè kọ́ nìyẹn. Ṣé ọwọ́ tìrẹ kàn án?"

"Kò kàn án, sà." Ó wo ilẹ̀. "Kì í kàn án, sà. Ti ẹnikẹ́ni kì í kàn án, bí ẹ bá ti fọwọ́ rà á."

Mo rò pé igbe ni yóò tẹ̀ lé e. Ọ̀gá kàn jókòó sórí àpótí, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó rí àlejò méjì tí kò ránṣẹ́ pè.

Irin tuntun kò sí. Èyí tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà ní Ṣàngó nígbà yẹn rọ̀ bíi páànù, bó bá pàdé kókó igi, á ká lẹ́nu. Kí wọ́n pọ́n tàtijọ́ yìí títí ibi tó fọ́ yóò fi parẹ́, kò sí ọ̀nà mìíràn, irin ọ̀hún sì ti kúrú tẹ́lẹ̀ nítorí gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń pọ́n ọn. Ọ̀gá gbé òkúta síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó bu omi sí i, ó bẹ̀rẹ̀. Kò jẹ́ kí a gbà á. Obìnrin kan tó ń ta bíńkẹ́, oríṣiríṣi nǹkan wẹ́wẹ́, lódìkejì títì ń wò ó títí, ó ní, "Bàbá káfíńtà, ṣé irin lẹ̀ ń pọ́n àbí ata lẹ̀ ń lọ̀?"

"Ata ni. Lọ gbé ẹran wá."

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ẹnu irin, bí káfíńtà ti ń ṣe láti mọ̀ bóyá ó ti mú. "Kò tíì mú," ó wí, ó padà sídìí òkúta. Ó tún fi àtàǹpàkò rà á. "Kò tíì mú." Ó padà. Èmi ló kọ́kọ́ rí i pé omi orí òkúta ti pupa.

"Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀!"

Ó wò mí. "Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

Mo fi hàn án. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti gé níbi méjì, kò sì mọ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni Àǹtí gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ dé. Kò pariwo. Ó fa àgékù aṣọ yọ nínú báàgì rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó dì í fún un ṣinṣin, ó wá di ọwọ́ náà mú.

"Bàbá, kò dùn yín?"

"Mi ò mọ̀ pé ó gé mi, Ìyá mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Láti inú ọyẹ́ tó kọjá." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wọ ìbọ̀wọ́. Mo mọ̀ pé mo di nǹkan mú. Ṣùgbọ́n nǹkan ọ̀hún ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Síníọ̀ yíjú sí igi máńgòrò, ó ń wá nǹkan kan tí kò sọ nù.

Àǹtí mú un lọ sí ọsibítù. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní ọwọ́ náà lè má padà sí bó ṣe wà, wọ́n ní kó máa sinmi. Ọ̀rọ̀ ìsinmi yẹn ló bí i nínú jù. Nígbà tí wọ́n dé, àwa méjèèjì wà níbẹ̀ nígbà tí Àǹtí ń bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí Síníọ̀ kàn án, Bàbá. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ máa sọ bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ."

"Rárá."

"Ẹ jẹ́ ká gba onírin yẹn, nígbà náà. Mi ò ní kà á sí nǹkan kan."

"Èmi ni n ó kà á sí. Ìyá rẹ lọ láìsùn lórí ohun tí mo kàn. Ṣé kí ìwọ náà lọ bẹ́ẹ̀?"

Àǹtí ṣe bí ẹni pé ó ń wọn nǹkan lójú, bí aránṣọ ti ń ṣe. Ó wá ní, "Ó dáa. Ẹ ó kàn án. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó jẹ́ ọwọ́ kejì."

"Háà, Àǹtí!" Síníọ̀ ò lè mú un mọ́ra. "Ìyàwó tó wá ń ṣiṣẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀? Ayé á gbọ́ o!"

"Kí ayé gbọ́. Ṣé ayé ló fẹ́ sùn níbẹ̀ ni?"

Bó ṣe di pé ìyàwó ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lọ́sàn-án láti wá bá wa ṣiṣẹ́ nìyẹn. Irin ti mú, ó ti kúrú sí i, ibi tó fọ́ ti parẹ́. Ọ̀gá fọwọ́ ra pákó kejì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ọwọ́ tí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, nítorí pé bí iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àǹtí wá fi tirẹ̀ rà á láti òpin. Kò na ọwọ́ sókè pákó bíi tiwa. Ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lórí igi bí ẹni ń tẹ́ aṣọ, ó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Láàárín, ó dúró. Ó padà sẹ́yìn. Ó tún dúró.

"Kò mọ́," ó wí.

Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí lẹ́yìn ọwọ́ Ọ̀gá. Síníọ̀ náà ò gbọ́ ọ rí. Ó súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń kìlọ̀ fún un pé ejò wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. "Àǹtí, Ọ̀gá ló ti fọwọ́ rà á o."

"Mo mọ̀. Bàbá mi ni. Ìṣó ọ̀hún ni kò mọ̀ ọ́n."

Mo wo Ọ̀gá. Ó dúró pẹ̀lú pléènì lọ́wọ́, ètè rẹ̀ papọ̀. Nígbà tó yá, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé pléènì kalẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ìṣó kò mọ̀ mí! Síníọ̀, o gbọ́? Gbogbo ọdún tí mo ti ń bá wọn jà ní Joju yìí. Fà á yọ jàre."

Síníọ̀ fà á yọ. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá ti sọ fún wa pé ẹni tó bá tún na ọwọ́ sókè pákó láìfi kàn án, kó máa lọ sí ilé àwọn ààfáà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń na ọwọ́ sókè. Ọjọ́ kan tí Àǹtí lọ wọn aṣọ oníbàárà, iṣẹ́ ọwọ́ kejì kan Síníọ̀. Ó fọwọ́ ra pákó, ó dúró lójú kan, òógùn bò ó. Mo mọ̀ pé ó ti rí nǹkan. Ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí èèpo igi, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá sọ̀rọ̀. "Kò mọ́ o, Ọ̀gá. Ẹ forí jì mí, sà. Kò mọ́ rárá ni."

"Dìde, kí o fi hàn mí. Àbí inú ilẹ̀ ni ìṣó náà wà?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kan bẹ́ẹ̀dì náà. Ọ̀gá nìkan ló ń ti pléènì. Kò yára mọ́. Ó máa ń fá a lẹ́ẹ̀kan, á dúró, á bi Àǹtí pé, "Báwo ló ṣe rí níbẹ̀ yẹn?" Àǹtí á fi ọwọ́ rà á, á ní, "Ó rí bíi ṣẹ́dà tí wọn ò tíì lọ̀," tàbí, "Bàbá, ibí yìí ṣì dà bí àǹkárá tuntun, ó le." Ọ̀gá á fá a sí i. Mo gbọ́ gbogbo orúkọ aṣọ tó wà lọ́jà Ọ̀tà lọ́sẹ̀ wọ̀nyẹn. Nígbà tó wá kù díẹ̀ kí Iléyá dé, Àǹtí fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìgbèrí bẹ́ẹ̀dì náà lọ, ó rà á bọ̀, kò sọ̀rọ̀ aṣọ kankan. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ọ̀gá béèrè pé, "Ó dán?" Kò gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá ní, "Mo ti gbọ́."

A fi pikọ́ọ̀pù gbé e lọ sí Ìjòkó, èmi àti Síníọ̀ lẹ́yìn, Ọ̀gá níwájú pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn yàrá, bẹ́ẹ̀dì onírin ti dúró síbẹ̀, wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà funfun, ó ń dán. Ọkọ ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ó ní òun kàn ṣe é sílẹ̀ ni, bóyá, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọwọ́ Bàbá… Ọ̀gá ní, "Má dààmú, ọmọ mi. Ìwọ náà ṣe é. Bá wa gbé e jáde."

Wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá jókòó lé e nígbà tí a ń to ti pákó sínú yàrá. Ó mì í, ó dún kíkẹ́ kíkẹ́. Ó pe ọkọ ìyàwó, ó ní, "Ó le o. Ó dára. Èmi ni n ó máa sùn síbẹ̀ bí mo bá wá kí yín."

Mo ronú pé lẹ́yìn ìyẹn, yóò sinmi lọ́jọ́ kan tàbí méjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Síníọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí a tó rí i tó ń bọ̀ láti ojú títì. Kò wọ aṣọ iṣẹ́. Bùbá funfun ló wọ̀, pẹ̀lú fìlà, bí ẹni ń lọ sí Jímọ̀, bẹ́ẹ̀ Jímọ̀ kọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ńṣì rẹ̀ kọjá, kò dúró níbẹ̀. Ó fa àga kan lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. A wo ara wa. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀dì yẹn ni ó fi parí.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá."

"Ẹ káàárọ̀. Ṣé dáadáa lẹ jí?" Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Kí lẹ̀ ń kàn lónìí?"

Síníọ̀ ló dáhùn. "Kọ́bọ́ọ̀dù ni, sà. Ti ìyá oníbíńkẹ́."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́, kúkúrú àbí gígùn?"

"Kúkúrú ni wọ́n ní àwọn fẹ́, Ọ̀gá."

"Ìyẹn ò dáa. Òjò ń wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gbé e ga fún un, bí kò tilẹ̀ béèrè. Kọ́ńpìnnì, ìwọ ń kánjú, mò ń gbọ́ ọ láti ibí. Rọra. Ó ku odindi ọjọ́ kan níwájú wa."